Èjìká Ni Kí Ẹ Wò, Kì Í Ṣe Eyín

Kò sí pùlọ́ńbà tó mọṣẹ́ tí kì í ní rìdúsà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Páìpù tó wọlé láti ojú títì lè jẹ́ íńṣì kan, èyí tó lọ sí ilé ìwẹ̀ á jẹ́ ½, ẹ̀rọ omi tí onílé lọ fi owó ńlá rà á tún gbé ẹnu tirẹ̀ dé lọ́tọ̀. Rìdúsà ló ń bá wọn parí ìjà. Ó ní eyín kan nínú, ó ní òmíràn lẹ́yìn. Pùlọ́ńbà á we tépù funfun mọ́ ọn, á fi sípánà fún un, omi á sì máa lọ.

Àmọ́ ẹ bi í léèrè nípa ẹ̀rọ omi tí ọmọ onílé fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ ½ sí i lára, ½ náà ni páìpù wa. Ẹ ka eyín rẹ̀, 14 ló wà nínú íńṣì kan, 14 náà ló wà lára tiwa. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó yí díẹ̀, ó wá le gbagidi. Nígbà tí wọ́n ṣí omi, ó ń jò. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni páìpù ilé wa ń tẹ̀lé, dígírì 55 ni wọ́n sì fi gé igun eyín tiwọn. Dígírì 60 ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi gé tiwọn. Eyín méjèèjì ń kan ara wọn níbì kan, wọ́n sì jìnnà síra wọn níbòmíràn. Tí tépù bá pọ̀ dáadáa, ó lè bo àṣírí náà fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ló ń da àwọn tó ń fi léètì yí igi láàmú káàkiri ayé, àyàfi pé kò sí tépù tó lè gbà wọ́n. Omi tó bá jò, ilẹ̀ ló máa rin. Abọ́ igi tó fẹ̀ tó mìlímítà 300, tó ń yí nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan, ọ̀gangan àyà ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ló sì ti ń yí.

Gbogbo wa la ti rí iṣẹ́ léètì. Àwọn òpó wẹ́wẹ́ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ àga tó rí rogodo níbì kan tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn, orí ibùsùn àwọn bàbá wa: léètì ló yí wọn. Ẹ̀rọ náà ní orí, ó sì ní ìrù. Ọ̀pá irin kan wà nínú orí rẹ̀ tí mọ́tọ̀ iná ń yí, imú ọ̀pá náà sì yọ síta. Tó bá jẹ́ òpó lẹ fẹ́ yí, ẹ ó ki igi sáàárín orí àti ìrù, ìrù á tì í mọ́ orí, kò sí wàhálà. Abọ́ ló ní wàhálà. Ẹ ò lè ti abọ́ láti iwájú nígbà tó jẹ́ pé inú rẹ̀ lẹ fẹ́ gbẹ́, nítorí náà imú ọ̀pá nìkan ló máa dá a gbé.

Ohun tí wọ́n ń dè mọ́ imú yìí pọ̀. Àwo irin wà tí wọ́n ń fi sùkúrù kan igi mọ́. Ṣọ́ọ̀kì wà, tó ní ẹnu mẹ́rin tó ń pa dé mọ́ ìdí abọ́. Ẹnu dírílì wà, kẹ̀kẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń dán igi náà wà. Ọ̀nà méjì sì ni wọ́n lè gbà wọlé. Imú ọ̀pá ní eyín lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì á yí mọ́ ọn bí nọ́ọ̀tù ṣe ń yí mọ́ bọ́ọ̀tù. Inú imú náà tún ní ihò tó ń fún bó ṣe ń wọlé lọ, irinṣẹ́ tí ìdí rẹ̀ bá ṣe ṣóńṣó á wọ ibẹ̀, á há pinpin.

Ká ní gbogbo léètì ló ní imú kan náà, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Léètì kékeré ilẹ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ íńṣì kan pẹ̀lú eyín 8 nínú íńṣì. Àwọn ńlá wọn jẹ́ 1¼ pẹ̀lú eyín 8 bákan náà. Yúróòpù ń lo M33, ìyẹn mìlímítà 33 tí àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ 3.5, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn ará Jámánì ń pè ní DIN 800. Ní Ọsirélíà àti New Zealand, ẹ ó pàdé M30. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ burú jù: àwọn léètì kéékèèké wọn kan jẹ́ ¾ pẹ̀lú eyín 16, Myford ML8 tí ọ̀pọ̀ bàbá àgbà gbé sẹ́yìnkùlé jẹ́ íńṣì kan pẹ̀lú eyín 12, Union Graduate tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ sì jẹ́ 1½ pẹ̀lú eyín 6. Shopsmith ti Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ ní eyín kankan, ọ̀pá rẹ̀ kàn dán borokoto ni, íńṣì ⅝.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú láti fìmọ̀ ṣọ̀kan. Joseph Whitworth, ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1841 pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa gé eyín kan náà, dígírì 55 ló sì mú. Ọdún 23 lẹ́yìn náà, William Sellers dìde ní Franklin Institute ní Philadelphia, ó ní dígírì 60 ló rọrùn jù láti gé àti láti wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni òkun ya wọn. Ìyàtọ̀ láàárín ìlú sí ìlú náà kò kéré: nígbà tí iná ńlá jó Baltimore ní oṣù kejì ọdún 1904, àwọn panápaná sáré wá láti Washington, ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà omi wọn kò wọ ẹnu ẹ̀rọ omi ìgboro Baltimore. Ó di 1948, lẹ́yìn tí ogun àgbáyé kejì ti fi ojú wọn rí nǹkan, kí Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fọwọ́ sí ìlànà kan ṣoṣo, dígírì 60. Àwọn tó ń ṣe léètì igi kò dá sí i. Kálukú ń bá imú tirẹ̀ lọ, èrè ló sì jẹ́ fún wọn: ẹni tó ti ra léètì yín, ọ̀dọ̀ yín náà ni yóò ti máa ra ṣọ́ọ̀kì.

Ibẹ̀ ni àdápítọ̀ ti wọlé, rìdúsà ti léètì. Irú rẹ̀ jẹ́ méjì, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì.

Èkíní ń bo imú ọ̀pá. Eyín inú rẹ̀ á wọ imú kékeré, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ á sì sọ ọ́ di imú ńlá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti íńṣì kan sí 1¼. Íńṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, 1¼ jẹ́ 31.75. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, kí ẹ pín in sí méjì fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó lé díẹ̀ ní 3. Eyín tí wọ́n gé sí ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ nǹkan bíi 2 nínú ìyẹn. Irin tó ṣẹ́kù láàárín ìdí eyín ẹ̀yìn àti ìdí eyín inú jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1.2. Bí irin náà bá jẹ́ ojúlówó, tí gbogbo eyín rẹ̀ sì jókòó, ó tó. Bó bá jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ dà, ẹ má gbé kùkùté igi kọ́ ọ lọ́rùn.

Láti 1¼ sí M33 ńkọ́? Ẹ yọ 31.75 nínú 33, ó ku 1.25. Kò sí ibi tí wọ́n á gé eyín sí mọ́. Irú kejì ló ń yanjú èyí: ó gbé imú ọ̀pá mì láti ẹ̀yìn, ó wá na imú tuntun síwájú. Kò sí ìwọ̀n tí kò lè bá mu. Àmọ́ ó ti iṣẹ́ yín jìnnà sí béárìn orí léètì ní ìwọ̀n gígùn imú tuntun náà, bí iṣẹ́ bá sì ti ń jìnnà sí béárìn ni gbígbọ̀n tí kò tó nǹkan á máa di ńlá. Lórí léètì ńlá, ẹ lè má mọ̀. Lórí léètì kékeré tó jókòó sórí tábìlì, ẹ ó gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó rí i.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbà pé eyín ló ń mú kí ṣọ́ọ̀kì yí lójú kan láìta gìrì. Eyín ò lè ṣe é. Eyín tó bá ṣeé fọwọ́ yí gbọ́dọ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, àyè yẹn náà sì ni ṣọ́ọ̀kì máa fi dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ eyín ni láti fa ṣọ́ọ̀kì sẹ́yìn. Lẹ́yìn imú ọ̀pá, níbi tí eyín parí sí, irin náà gbòòrò lójijì, ó ṣe pẹrẹsẹ. Èjìká rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí ìdí ṣọ́ọ̀kì bá tẹ́ lórí èjìká yìí yípo, láìku ibì kan, ni ṣọ́ọ̀kì tó dúró ṣánṣán.

Ẹ gbà pé èjìká náà fẹ̀ ní mìlímítà 45, tí ẹ̀ẹ́rún igi kan tó nípọn ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà wá há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ojú lásán lè má rí i. Ṣọ́ọ̀kì á gun orí ẹ̀ẹ́rún náà, á dà sí òdìkejì. Ní mìlímítà 150 síwájú, níbi tí etí abọ́ wà, àárín abọ́ á ti kúrò ní ipò rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà. Bó ṣe ń yí, ìlọ́po méjì ìyẹn ni ọ̀bẹ á máa rí, bí etí abọ́ ṣe ń sún mọ́ ọn tó tún ń sá fún un. Ẹ̀ẹ́rún kan ṣoṣo ló fa gbogbo èyí. Àdápítọ̀ ní èjìká méjì, ti ẹ̀yìn tó ń kan ọ̀pá àti ti iwájú tó ń kan ṣọ́ọ̀kì, ibi tí ìdọ̀tí lè sá pamọ́ sí ti di méjì nìyẹn, yàtọ̀ sí àìdọ́gba tó bá ti ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́ wá.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé abọ́ tí ẹ bá yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìtú u kò ní fi ẹ̀bi hàn. Bó ṣe wù kí ṣọ́ọ̀kì dà tó, ọ̀bẹ á gé igi náà di òbìrí yípo ojú ibi tó ń yí sí. Ọjọ́ tí ẹ bá tú u, tí ẹ yí i padà láti gbẹ́ ìdí rẹ̀, ni àṣírí á tú: apá kan ìdí á nípọn, èkejì á fẹ́lẹ́. Onítọ̀hún á wá máa di ẹ̀bi ru igi pé kò gbẹ dáadáa.

Nítorí náà, bí àdápítọ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má kọ́kọ́ wo eyín rẹ̀. Ẹ fi bírò oníyíǹkì tó nípọn kun èjìká ọ̀pá yípo, ẹ yí àdápítọ̀ náà mọ́ ọn dé ìdí, ẹ fún un díẹ̀, kí ẹ tú u. Bí yíǹkì bá ti ha yípo, ó jókòó. Bó bá ha ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ wọ́. Bí kò bá ha rárá, imú ọ̀pá ti kan ìsàlẹ̀ ihò kí èjìká tó pàdé, tàbí eyín rẹ̀ ti há mọ́ ibi tí eyín ọ̀pá parí sí, nítosí èjìká. Ẹ lè rí àdápítọ̀ tó le gbagidi, tí ẹ̀yin fúnra yín á búra pé ó ti wọlé tán, síbẹ̀ tó jẹ́ pé eyín nìkan ló gbé e dúró. Èyí ló léwu jù nínú gbogbo wọn. Íńṣì kan eléyín 8 ti Whitworth àti íńṣì kan eléyín 8 ti Amẹ́ríkà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, nítorí ìwọ̀n wọn kan náà, àlàfo wọn kan náà, igun wọn nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á wọra tí nǹkan kan ò ní ṣe, tí àyè bá wà láàárín eyín. Ẹ kàn má gbà á gbọ́ láìkun yíǹkì.

Títú rẹ̀ náà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Bí igi ṣe ń kọ ọ̀bẹ ni ó ń fún ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọ̀pá sí i, ìdí nìyẹn tí eyín imú fi ń yí sápá ọ̀tún. Lára àwọn léètì àtijọ́ tí ọ̀pá wọn yọ ní ẹ̀yìn orí pẹ̀lú, apá òsì ni eyín ẹ̀yìn ń yí sí. Lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí kan, ṣọ́ọ̀kì àti àdápítọ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ó tú ṣọ́ọ̀kì, àdápítọ̀ á bá a jáde, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ fẹ́ dì mú. Èyí tó bá ní ojú pẹrẹsẹ méjì lára fún sípánà ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Wáṣà ọ̀rá tí àwọn kan ń fi sáàárín kí ó má bàa lẹ̀ kò wù mí, nítorí ojú pẹrẹsẹ irin tí a ń wá náà ni wọ́n fi nǹkan rírọ̀ bò. Òróró díẹ̀ lórí eyín, kí ẹ sì nu èjìká mọ́ tónítóní, ó tó.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ti àwọn léètì tó lè yí sẹ́yìn. Wọ́n máa ń yí sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń fi sáńpépà dán iṣẹ́, ìgbà yẹn ni ohun tí eyín ń fún mọ́ra á wá máa tú. Àdápítọ̀ tó dára fún irú iṣẹ́ yìí ní sùkúrù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń di ọ̀pá mú. Tí kò bá ní in, ẹ má yí ẹ̀rọ yín sẹ́yìn, àgàgà pẹ̀lú abọ́ ńlá.

Tó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n bi, màá ní kí ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì tuntun wá èyí tí àdápítọ̀ rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀. Àwọn ará New Zealand tó ń ṣe Nova àti àwọn ará Kánádà tó ń ṣe Oneway ní irú rẹ̀: àárín ṣọ́ọ̀kì ṣófo, irin kan tó ní eyín léètì yín ni wọ́n á fi síbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ léètì lọ́la, ẹ pààrọ̀ irin yẹn nìkan. Iṣẹ́ kò jìnnà sí béárìn, èjìká kan ni ẹ ó sì máa nù. Àdápítọ̀ lásán wúlò fún ẹni tó ti ní ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta nílẹ̀ tó wá ra léètì mìíràn, tí kò sì fẹ́ kó gbogbo wọn dànù.

Ọ̀nà kejì, ihò inú imú, ti lójú jù. Orúkọ Stephen Morse ni wọ́n fi ń pè é, Morse taper. Ilé iṣẹ́ dírílì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní New Bedford, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní 1864. Ihò náà ń fún ní nǹkan bíi mìlímítà kan nínú ogún, ìyẹn ló fi jẹ́ pé irin tó bá wọ inú rẹ̀ á fúnra rẹ̀ há, láìní sùkúrù kankan. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi gbá a jáde láti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà 2 ló wọ́pọ̀ jù lára léètì igi, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 17.78. Nọ́ńbà 1 jẹ́ 12.065, nọ́ńbà 3 jẹ́ 23.825. Bí léètì bá jẹ́ nọ́ńbà 3 tí irinṣẹ́ jẹ́ 2, àpò irin kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín wọn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fa wàhálà, torí inú ihò lọ́hùn-ún ló jókòó sí. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́. Ẹnu dírílì tí ẹ fi sí ìrù léètì, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń tì í wọlé. Ẹ gbé e wá sí orí, kí ẹ fi di nǹkan mú láti yí i, kò sí ohun tó ń tì í mọ́, gbígbọ̀n nìkan á sì tú u jáde. Ẹ ki ọ̀pá eléyín gba inú ọ̀pá léètì kọjá láti ẹ̀yìn, kí ó wọ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ọ̀tù fà á mọ́lẹ̀.

Ẹni tó ra léètì tókunbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò rí àdápítọ̀ rẹ̀ rà kò nílò láti sọ̀rètí nù. Tọ́nà irin tó ń gé bọ́ọ̀tù fún ọkọ̀ akẹ́rù lè gé e, bí ẹ bá gbé ìwọ̀n tó péye fún un. Ẹ fi fẹ́níà wọn bí imú ṣe nípọn lórí eyín. Ẹ wọn bí èjìká ṣe fẹ̀, àti bí irin tí kò léyín ṣe gùn tó láàárín eyín àti èjìká. Ẹ wá ka eyín 8, kí ẹ wọn ibi tí wọ́n dé: bí ó bá jẹ́ 25.4, eyín 8 nínú íńṣì ni. Bí ó bá jẹ́ 28, ti mìlímítà 3.5 ni. Kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gé eyín inú àti ojú ẹ̀yìn àdápítọ̀ náà papọ̀, kó má tú u kúrò lórí ẹ̀rọ títí méjèèjì á fi parí. Bó bá tú u láàárín, tó sì tún un dè, kò dájú mọ́ pé ojú náà á dọ́gba pẹ̀lú eyín.

Fún iṣẹ́ kéékèèké, àwọn kan ti fi irin sílẹ̀ pátápátá. Táàpù kan ṣoṣo tó bá imú ọ̀pá wọn mu ni wọ́n rà. Wọ́n á lu ihò sínú igi líle, irú bí àpá, wọ́n á fi táàpù gé eyín sí i, wọ́n á kán súpà gúlù olómi sí eyín náà kí ó mu ún, nígbà tó bá gbẹ wọ́n á tún fi táàpù gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n á yí i mọ́ imú ọ̀pá, orí léètì náà gan-an ni wọ́n á ti gé ojú iwájú rẹ̀ tẹ́. Igi tí wọ́n fẹ́ yí, gúlù ni wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn tààrà. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e kúrò, igi eléyín náà á kúrú díẹ̀, ó sì tún ṣeé lò lọ́jọ́ mìíràn. Abọ́ ńlá tó wúwo kò yẹ é. Irin ni ti ìyẹn.